Ògiri kọnkéré dúró, ìsàlẹ̀ odò ń lọ: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ onílé kan ní Àkúrẹ́

Odò kékeré kan ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá kó tó lọ dà sínú odò Àlà. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n wá nà án gbọọrọ, wọ́n mọ ògiri kọnkéré sí i lọ́tùn-ún lósì. Inú gbogbo wa dùn nígbà yẹn. Ní báyìí, ìpìlẹ̀ ògiri náà ti yọ síta, ọmọ kékeré lè rá wọ abẹ́ rẹ̀. Apá kan wó lóṣù kẹsàn-án tó kọjá. Ìpàdé onílé wa pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní ká pe katakata kó wá gbẹ́ odò náà jìn sí i, kí omi lè ráyè lọ. Àwọn kan ní ká da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn tó kù ní àwọn oníyanrìn ló fa gbogbo rẹ̀, ká lé wọn. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ ò tó nǹkan. Èwo ni ká mú?

* * *

Ẹ má pe katakata o. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ráyè ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ìyẹn lọ sí ìpàdé.

Iṣẹ́ odò ni mo fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì: ògiri etí odò, kóvátì, ìpìlẹ̀ afárá. Irú ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ni mo rí jù lọ. Omi á kún, àwọn onílé á ní odò ò jìn tó. Odò tó ti ń yọ ìpìlẹ̀ ògiri síta, jíjìn ló jìn jù. Ẹ tún wá gbẹ́ ẹ, ìpìlẹ̀ tó kù á yọ, ògiri tó dúró á tẹ̀lé èyí tó ti wó.

Ẹ wò ó báyìí. Odò kì í ru omi nìkan, ó ń ru yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Bó ṣe ń gbé ti ibí lọ ni ti òkè ń dé láti rọ́pò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ odò fi ń wà níbi tó wà. Kí wọ́n tó na tiyín, ó ń lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún bí ejò. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó fi ìrìn gígùn sọ̀ nígbà náà, ìrìn kúkurú ló fi ń sọ̀ ọ́ báyìí, eré ló ń sá. Ẹ wá fi páànù orí ilé àti ọ̀dà títì kún un. Òjò tí igbó àti ilẹ̀ oko lókè ọ̀hún ń mu tẹ́lẹ̀, gọ́tà ló ń gbà báyìí, kí ó tó pé wákàtí kan ó ti dé ẹ̀yìnkùlé yín. Omi pọ̀ sí i, eré rẹ̀ pọ̀ sí i, yanrìn tó ń ti òkè bọ̀ sì dín kù, torí pé kọnkéré àti ilé ti bo ibi tó ti ń wá. Omi tí ebi ń pa ni. Etí odò tí ì bá máa jẹ, ògiri ti dí i. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún un.

Ní 1955, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, E. W. Lane, fi ọ̀rọ̀ yìí wé òṣùwọ̀n alápá méjì. Iye yanrìn àti bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó wà lápá kan, iye omi àti bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó wà lápá kejì. Ẹ bu yanrìn kúrò lápá kan, tàbí kẹ́ ẹ bu omi kún apá kejì, odò á máa gbẹ́lẹ̀ títí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ á fi rọlẹ̀ tí òṣùwọ̀n á tún dọ́gba. Yóò dúró lọ́jọ́ kan, lóòótọ́. Àmọ́ kò ní dúró de ìpìlẹ̀ yín.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti Àkúrẹ́ níbí: àpáta ò jìnnà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Bí odò bá gbẹ́lẹ̀ kan àpáta, kò lè jìn mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló máa kọjú sí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí ògiri. Ẹ wo odò yín dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́ ẹ mọ ibi tí àpáta ti yọ. Ibi tí àpáta wà, ẹ má náwó síbẹ̀ lórí ìsàlẹ̀, ìdí ògiri nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé gírámà ni mò ń sọ, pé kọngílá ló jalè, símẹ́ńtì ò pé, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó ṣeé ṣe. Mo ti rí ògiri tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ṣe ju símẹ́ńtì lọ. Ṣùgbọ́n ògiri tó wó fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí. Bí símẹ́ńtì ò bá pé, wẹ́wẹ́ ló máa fọ́, ẹ ó rí yanrìn tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ rin. Èyí tí mo rí lọ́dún kan, ó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, odindi ló dojú bolẹ̀ sínú odò. Kò sán níbì kankan. Àwọn ọmọ jókòó lé e lórí, wọ́n ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó ti ṣí kúrò: ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n fọ̀, kò sí hóró yẹ̀pẹ̀ kan lára rẹ̀. Ẹni tó da kọnkéré yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó sọ pé kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré sínú yanrìn ló ṣe é, kò béèrè ibi tí ìsàlẹ̀ odò máa wà lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ògiri ni gbogbo ènìyàn ń wò.

* * *

Ọ̀rọ̀ kọnkéré ìsàlẹ̀ wá kàn. Àwọn tó fara mọ́ ọn pọ̀ jù lọ níbí, wọ́n sì ní àpẹẹrẹ lọ́wọ́: Ògùnpa n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ti dàgbà tó máa rántí omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré la ọ̀nà fún odò náà.

N ò ní sọ pé kọnkéré ìsàlẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Láàárín ibi tó dé, ó ń ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ ò lè lọ. Ìjà mi wà níbi tó parí sí. Orí kọnkéré dán, kò sí ohun tó ń dá omi dúró, omi á fi eré já síta, kò ru nǹkan kan, yẹ̀pẹ̀ lásán ló sì máa bá níwájú. Á gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Kòtò náà á máa jẹ padà sẹ́yìn sábẹ́ kọnkéré, ẹnu rẹ̀ á dá, á tún jẹ òmíràn. Mo ti rí ibi tí kọnkéré yọ síta ní afẹ́fẹ́ bí àjà ilé, tí a lè dúró sábẹ́ rẹ̀ kí òjò má pa wá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ gbé wàhálà yín fún àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ yín, yóò sì tún gùn ún padà wá bá yín.

Èkejì: nígbà òjò, omi inú ilẹ̀ máa ń ga. Bí wọn ò bá fi ihò sílẹ̀ lára kọnkéré kó lè mí, omi abẹ́ ilẹ̀ á ti í láti ìsàlẹ̀, á gbé e. Mo bá wọn tún irú ẹ̀ ṣe. Owó tó ná wọn ju ti ìṣáájú lọ.

Owó tẹ́ ẹ ní yẹn kò lè dé ìdajì odò yín. Kọnkéré tó dúró ní agbedeméjì burú ju kẹ́ ẹ má ṣe é rárá lọ.

* * *

Ọmọ Àkúrẹ́ kan tó wà ní Jámánì kọ̀wé pé níbi tóun wà, ṣe ni wọ́n ń da òkúta padà sínú odò, ẹnì kan sì fèsì pé irọ́ ni, ta ni í ra òkúta kó dà á sódò?

Kì í ṣe irọ́. Ìtàn odò Rhine gan-an ló yẹ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nínà odò kà. Láti 1817 ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Johann Gottfried Tulla ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ibi tí odò náà ti lọ́, kí àkúnya lè dín kù, kí wọ́n sì rí ilẹ̀ oko. Iṣẹ́ náà parí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó gé nǹkan bíi kìlómítà 80 kúrò nínú gígùn odò náà. Odò ọ̀hún gba ọ̀nà tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, láwọn ibì kan nísàlẹ̀ ìlú Basel ó ju mítà mélòó kan lọ. Omi kànga àti ti igbó etí odò bá a lọ sísàlẹ̀. Wọ́n wá ń kọ́ ìdènà omi lé ìdènà omi, èyí tó kẹ́yìn wà ní Iffezheim, wọ́n parí rẹ̀ ní 1977. Ìdènà náà mú òkúta àti yanrìn dání lókè, ebi wá ń pa omi tó jáde nísàlẹ̀. Láti 1978 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn síbẹ̀ lọ́dọọdún, ó ju 100,000 kúbíìkì mítà lọ lọ́dún kan. Wọn ò sì lè dáwọ́ dúró. Lórí odò Danube, nísàlẹ̀ Vienna, olú ìlú Austria, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìsàlẹ̀ odò fi ń lọ ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ́dún. Ohun tí wọ́n dán wò níbẹ̀ ni kí wọ́n da òkúta tó tóbi díẹ̀, láti 40 sí 70 mìlímítà, mọ́ ti odò náà, kí omi má lè tètè gbé e.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ẹ lè mú níbẹ̀ kéré gan-an, kò sì náni lówó. Yanrìn tí ẹ̀ ń kó lẹ́nu kóvátì lẹ́yìn òjò, kí lẹ fi ń ṣe? Ẹ̀ ń tà á fún oní-típà. Oúnjẹ odò yín lẹ tà yẹn. Ẹ ṣa ọ̀rá àti ike kúrò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ dà á sísàlẹ̀ kóvátì, kí omi máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀.

* * *

Màmá tó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ odò yìí kan omi kànga: bẹ́ẹ̀ ni mà, ó kàn án.

Omi kànga yín àti omi odò ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ odò bá lọ sílẹ̀, omi inú ilẹ̀ tó yí i ká á máa ṣàn lọ bá a. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí kànga rẹ̀ jìnnà sí odò ní nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀. Okùn ìfami rẹ̀ ní kókó, lọ́dọọdún tí omi bá sá ló ń so okùn mìíràn mọ́ ọn. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣù kejì ọdún tó kọjá, kókó mẹ́ta ló wà lára okùn yẹn, gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n na odò. Kí ẹ tó pe ẹni tí yóò gbẹ́ kànga jìn sí i, ẹ bá àwọn onílé pawọ́ pọ̀ gbé ìsàlẹ̀ odò dúró. Kànga tí ẹ bá gbẹ́ lónìí, odò á tún lé e bá.

* * *

Oníyanrìn. Mo ti ń sá fún eléyìí, àmọ́ ẹ ti fi ìbínú kún un jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Yanrìn tí mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé, inú odò ni wọ́n ti kó o. Tiyín náà ńkọ́? Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì àti báàfù kó yanrìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, omi dé ìbàdí wọn, kì í ṣe ọ̀tá wa. Àwa là ń rà á.

Ibi tí wọ́n ti ń kó o ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹnì kan bá gbẹ́ kòtò ńlá sínú odò nísàlẹ̀ yín, etí òkè kòtò náà á di ibi tí omi ti ń já. Ibi tí omi bá ti já, ó ń jẹ ilẹ̀ sẹ́yìn. Ìjá yẹn á máa gun òkè bọ̀, òjò kan ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, òjò kejì ogún, títí yóò fi dé abẹ́ ògiri ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kó yanrìn níbì kan. Ìdí nìyí tí lílé àwọn tó wà lẹ́yìn ilé yín nìkan kò fi tó. Ẹ rìn tẹ̀lé odò lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì bí àtẹ̀gùn, tí omi ń hó níbẹ̀, ẹ ti rí i.

Ẹni tó sọ pé yanrìn ò lè wó afárá, ẹ gbọ́ ti Pọ́túgà. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2001, afárá Hintze Ribeiro tó wà lórí odò Douro dà wó. Bọ́ọ̀sì kan àti mọ́tò mélòó kan wọ omi, èèyàn 59 kú. Ìwádìí fi hàn pé yanrìn tí wọ́n ti ń kó nínú odò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lára ohun tó tú ìdí òpó afárá náà síta. Odò yín kéré sí Douro. Kóvátì tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá náà kéré sí afárá yẹn.

Ohun tí mo máa sọ fún àwọn oníyanrìn ni pé kí wọ́n jìnnà sí afárá, kóvátì àti ògiri, kí wọ́n máa ha ojú yanrìn tí omi kó jọ lẹ́yìn òjò, kí wọ́n má gbẹ́ kòtò. Kí ẹgbẹ́ onílé bá wọn fẹnu kò, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa fàlà sí ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá. Níbi tí mo ti rí i tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti pe ọlọ́pàá, òru ni wọ́n wá ń kó o.

* * *

Ẹni tó béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ti padà wá. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí mo kọ̀, kí n sọ ohun tí mo fọwọ́ sí.

Àtẹ̀gùn ni. Ẹ kọ́ àtẹ̀gùn sínú odò. Ìdènà kúkurú tó dábùú ìsàlẹ̀ odò láti ògiri dé ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kí omi lè máa sọ̀ wálẹ̀ níbi tẹ́ ẹ fẹ́, kí ìsàlẹ̀ tó wà láàárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Eré omi á dín kù, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Òkúta ni kẹ́ ẹ lò. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta yí Àkúrẹ́ ká, kò sí ìdí tí òkúta fi yẹ kó wọ́n wa.

Ìyapa wa pẹ̀lú àwọn kọngílá máa ń wà lórí gíga rẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe ọ̀kan tó ga, ó yá, ó sì hàn fún olóṣèlú láti yà ní fọ́tò. Ẹ má gbà. Bí omi bá ṣe já láti òkè tó ni kòtò tó máa gbẹ́ sídìí rẹ̀ ṣe máa jìn tó. Ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kan àbọ̀ tó, kẹ́ ẹ ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Orí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìdí èyí tó wà lókè rẹ̀ dọ́gba. Rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí láti fi wọn ìdọ́gba tó fún iṣẹ́ yìí. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, kí omi má baà lọ máa ha ìdí ògiri. Níbi tí ògiri ti wó, ẹ gbẹ́ etí àtẹ̀gùn náà wọ inú bèbè dáadáa, tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á yí i ká, ẹ ó wá ní àtẹ̀gùn tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí odò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ tẹ́ òkúta sí ìdí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ńlá àti kékeré pọ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ da yanrìn oníhóró ńlá, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́, kí òkúta ńlá tó wá sórí. Ìpele méjì ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń fò torí pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Bí wọ́n bá fò ó, omi á fa yẹ̀pẹ̀ láàárín òkúta jáde díẹ̀díẹ̀, òkúta á rì, ẹ ó máa rò pé àwọn ọmọ ìta ló ń jí i kó.

Ìdí ògiri tó ti ṣófo, ẹ di í nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́ ẹ tó kọ́ àtẹ̀gùn kankan. Ẹ fi àpótí wáyà tí òkúta kún sí iwájú, kẹ́ ẹ da kọnkéré sínú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀ lásán. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí ìjá tí mo sọ yẹn dé, kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ bọ̀ lókè bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ìjá á wú u láti ìdí.

Ẹ má gbé ìsàlẹ̀ odò ga ju ibi tó wà kí wọ́n tó nà án lọ o. Kóvátì yín gbọ́dọ̀ ráyè gbé omi.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá koríko vetiver àti ọparun lè ṣe é: wọ́n dára fún bèbè tí kò ní ògiri. Gbòǹgbò vetiver ń wọlẹ̀ jìn. Ṣùgbọ́n kò sí koríko tó lè di ìsàlẹ̀ odò mú nínú omi tó ń sá irú eré yẹn. Ẹ gbìn ín lẹ́yìn tí ìsàlẹ̀ bá ti dúró.

Ẹni tó sọ pé ká dúró de ìjọba: ẹ kọ̀wé sí wọn, owó àjọ tó ń rí sí àyíká wà níjọba àpapọ̀ fún irú ọ̀gbàrá báyìí, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ sì wà. Àmọ́ lẹ́tà tó ní òǹkà nínú ni wọ́n máa ń fún létí. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

* * *

Ìdáhùn sí ìbéèrè tó kẹ́yìn, pé báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ ṣì ń lọ. Ẹ so irin wúwo mọ́ okùn, ẹ dúró lórí kóvátì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láti ojú irin ìdábùú kan náà nígbà gbogbo títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ fi téèpù wọn okùn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe é lápá òsì, láàárín, àti lápá ọ̀tún, lóṣù kìíní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lóṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá. Ìwé yẹn, pẹ̀lú fọ́tò, ni kẹ́ ẹ so mọ́ lẹ́tà.

Ẹ ní ọjọ́ Sátidé lẹ máa wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò náà, ẹ sì ní kí n wá. Màá wá ní aago méje, kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà funfun náà gùn tó ọgbọ̀n mítà, kẹ́ ẹ sì po aró díẹ̀ mọ́ omi inú rẹ̀ kí ojú lè rí i láti òkèèrè.